Mo Pa Mọ́tò, Mọ́tò Ò Kú: Èmi àti Jíìpù Dísẹ́lì Àlàájì Gàníyù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́tò nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Kugbo mọ̀ pé ọkùnrin gidi ni mí. Èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ń lọ lọ́wọ́, bí ewé gbígbẹ bá já lẹ́yìn mi, màá ti wọlé, màá ti ti ilẹ̀kùn, kí n tó béèrè pé kí ló já!

Iṣẹ́ àga ni mo ń ṣe, àga onífóòmù tí ẹ máa ń sùn lé lórí ní pálọ̀ yín. Karu ni mò ń gbé, Kugbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lẹ́bàá olú ìlú wa níbí. Kò jìnnà rárá. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Nyanya ló sọ ọ́ di ọ̀nà jíjìn. Ẹ rántí ìyẹn, nítorí òun ló fẹ́ẹ̀ pa mí.

Ọ̀rẹ́ mi ni Àlàájì Gàníyù, ọmọ Ìlọrin, aláṣọ ní ọjà Wuse. Onígbàgbọ́ ni èmi, mùsùlùmí ni òun, àmọ́ a jọ dàgbà sí Karu ni ká sọ. Ó ra jíìpù dísẹ́lì kan, tòkunbọ̀ funfun, tó ń gba gbogbo ojú ọ̀nà bíi gómìnà. Ìyàwó rẹ̀, Àlàájà, bá a jà lórí rẹ̀. Obìnrin náà ní kí ó ra onípẹtiróòlù bí gbogbo ayé, pé ta ni yóò máa tún ti dísẹ́lì ṣe. Àlàájì ní kí ó fi òun sílẹ̀, pé mọ́tò yìí kò ní wàhálà kankan.

Ohun kan wá wà níbẹ̀. Tó bá ti di ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, Àlàájì á wọ mọ́tò yìí ní òun nìkan, á dorí kọ ọ̀nà Zuba. Kò ní gbé ẹnikẹ́ni. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò padà, pẹ̀lú ọsàn nínú àpò. Bí ìyàwó rẹ̀ bá béèrè, á ní òun lọ ra ọsàn ni.

Ọsàn! Ṣé kò sí ọsàn ní Karu ni?

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àdúgbò yóò sọ. Wọ́n ní ó ní obìnrin ní Zuba. Àwọn kan tilẹ̀ ti bí ọmọ fún obìnrin ọ̀hún, wọ́n ti sọ wọ́n lórúkọ! Àlàájà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn dẹ́kun jíjẹ ọsàn.

Lẹ́yìn náà ni Àlàájì kú. Àìsàn kékeré ni, a ò tiẹ̀ tíì parí ìpalẹ̀mọ́ láti lọ kí i.

Níbi fídáù rẹ̀, Alfa ní ẹnikẹ́ni tí olóògbé bá ṣẹ̀ kí ó fi orí jì í. Gbogbo wa dáhùn pé a ti fi jì í. Èmi náà dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tèmi kò ju pé ó máa ń pe àga mi ní bẹ́ǹṣì. Alfa wá yíjú sí Àlàájà. Àlàájà ò sọ̀rọ̀. Alfa tún bi í. Àlàájà tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó dìde, ó wọlé lọ.

Ẹ ò lè gbọ́ nǹkan kan àfi ìkòkò ìrẹsì tó ń hó.

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé nínú ẹ̀sìn wọn, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ní àṣẹ láti yọ̀ǹda. Alfa ò lè bá a yọ̀ǹda, àwọn ọmọ ò lè bá a yọ̀ǹda. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo ń rò ó pé Gàníyù ti lọ, ṣùgbọ́n wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn fún un lọ́hùn-ún.

Kò pẹ́ ni Àlàájà ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá gbé mọ́tò náà kúrò lójú òun. Ó ní bí òun bá ti ṣí wíńdò, ó ń wo òun. Ó tà á fún mi ní iye tí ojú tì mí láti gbà. Mo gbà á kíákíá kí ojú tó ń tì mí má baà pọ̀ jù.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé n kò dá wà.

Ẹ gbọ́, iṣẹ́ mi ni fóòmù. Fóòmù kì í purọ́ fún mi. Àlàájì sanra, ó sì máa ń fì sí òsì bó bá ń wakọ̀, àga náà ti gba ara rẹ̀, ó ti wọnú lọ sápá òsì. Nígbà tí mo jókòó, mo ṣe gẹ́lẹ́ bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ẹlòmíràn tí bàtà ọ̀hún ṣì gbóná. Òórùn lọ́fíńdà rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Mo lè pààrọ̀ fóòmù yẹn kí omi ẹ̀bà tó hó. Ṣé mo pààrọ̀ rẹ̀? Rárá o! Mo rò ó pé bí mo bá yọ ibẹ̀, níbo ni yóò wá máa jókòó sí?

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo fa ara mi dé iwájú ṣọ́ọ̀bù nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Mo dúró, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà nílẹ̀, n kò tẹ nǹkan kan, mò ń kó ẹrù mi jọ. Ẹ̀ńjìnnì gbé ohùn sókè fúnra rẹ̀! Ó ń kùn, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Òórùn kan wá ń jáde lábẹ́ mọ́tò, bíi ti irin tó wà nínú iná. Mo pa á. Mo yọ kọ́kọ́rọ́.

Mo pa mọ́tò, mọ́tò ò kú.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, fáànù iwájú ń ké wúùùù, ooru ń bọ̀ láti abẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀! Lẹ́yìn ìrun! Ẹ̀yin ara mi, kí ni ẹ fẹ́ kí n rò? Mo wo àga ẹ̀gbẹ́ mi, mo ní, “Gàníyù, ṣé ìwọ ni? Zuba lo fẹ́ lọ?”

Fáànù náà dákẹ́. Ó yẹ kí inú mi dùn pé ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n èmi gbà á sí ìdáhùn.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Bó bá ti gbé ohùn sókè báyìí, màá yára pa á, nítorí èèyàn ò lè gbàdúrà nínú ariwo. Màá ka Sáàmù Kọkànléláàádọ́rùn-ún dé ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé, màá wá fi bísímílà kún un, nítorí mùsùlùmí ni ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, màá lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ó lè sọ̀ kalẹ̀ bó bá fẹ́ sọ̀.

Tàfá, káfíńtà tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, rí mi. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni mò ń ṣílẹ̀kùn fún. Mo ní atẹ́gùn ni mò ń jẹ́ kí fóòmù gbà.

Ó ní, “Bàbá Dúpẹ́, fóòmù lẹ tẹ orí ba fún bẹ́ẹ̀ yẹn? Ẹ bá wa kí i o!”

Ìyá Dúpẹ́, ìyàwó mi, ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ó gba òróró àdúrà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n ṣí bónẹ́ẹ̀tì kí òróró lè kan ọkàn mọ́tò gan-an. Mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn tán, irin inú rẹ̀ gbóná bí ààrò. Òróró kàn án báyìí, èéfín funfun ru sókè gùù! Ìyàwó mi ju ìgò nù, ó sá wọlé, èmi náà tẹ̀lé e.

Irọ́ ni. Èmi ni mo ṣáájú.

Iná kékeré kan wá tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó dà bí àwòrán páìpù tí wọ́n kán tótòtó sí nínú. N kò mọ ohun tó jẹ́, n kò sì fẹ́ mọ̀. Mo gé awọ àga dúdú, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú. Bí mo bá ti rí ibi tí awọ náà wà, ọkàn mi á balẹ̀ díẹ̀. Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín lọ, àyè gbà yín.

Ohun tó wá gba oorun lójú mi ni ti ọ́ìlì. Mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì yọ lówùúrọ̀ kan, ọ́ìlì ti kọjá àmì. Mo ní bóyá mo ṣì í wò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ mo tún un wò, ó tún ti lé sí i! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ń wakọ̀ ọjọ́ pẹ́, ṣebí dídín ni ọ́ìlì máa ń dín? N kò da nǹkan kan sí i. Ta ló ń bá mi bu ọ́ìlì sínú mọ́tò?

Ní àkókò yìí kan náà, àdúà ọdún kan Àlàájì ń bọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá mi, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ ìyá àwọn kí ó sọ ọ̀rọ̀ náà, kí ó sọ pé òun fi orí jì í, kí bàbá àwọn lè sinmi. Wọ́n ní tèmi nìkan ni yóò gbọ́. Mo ṣe ọkàn gírí, mo lọ.

Àlàájà gbé omi fún mi. Ó ní òun mọ ohun tí mo bá wá. Ó ní kí n sọ orúkọ obìnrin Zuba fún òun, bí mo bá ti sọ ọ́, òun á fi jì í níṣojú mi. Mo búra pé n kò mọ obìnrin kankan. Ó ní nígbà náà, kí n mu omi mi.

Mo mu omi mi. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ wá bẹ́, mo di àga oníbàárà kan sẹ́yìn mọ́tò, mò ń gun òkè kan tí kò tó nǹkan lójú ọ̀nà. Mọ́tò kọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lábẹ́ rẹ̀, kò ju pé ó ń rá pálá lọ. Kẹ̀kẹ́ márúwá kọjá mi. Ọlọ́mọlanke kan tó di iṣu bọ̀ náà kọjá mi, ó sì yíjú padà, ó ní, “Sànnu, Baba!” Bí ẹni ń kí aláìsàn!

Níbẹ̀ ni mo ti sọ fún Gàníyù pé ó tó, bí kò bá jẹ́ kí n jẹun, èmi náà kò ní jẹ́ kí ó gùn mí mọ́. Mo wọ́ mọ́tò dé ọ̀dọ̀ Wáìdì.

Mẹkáníìkì dísẹ́lì ni Wáìdì, ọmọ Òṣogbo. Ẹnu rẹ̀ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ náà ò burú. Ó pa ọ̀rọ̀ ìkíni mọ́ mi lẹ́nu, ó ki wáyà kòmpútà bọ mọ́tò, ó wo ojú rẹ̀, ó fa awọ àga tí mo fi bo iná yẹn kúrò, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà.

Ó ní, “Dádì, ẹ̀yin lẹ bo iná lójú? Iná tó ń kìlọ̀ fún yín!”

Mo ní mo rò pé ojú ni.

“Ojú ta ni?”

Mo ní kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó wá là á yé mi. Ó ní nínú sàlẹ́ńsà mọ́tò yìí, fílítà kan wà níbẹ̀ tó ń gba ìdọ̀tí dúdú inú èéfín, kí ó má baà jáde sí aráyé lójú. Bí fílítà náà bá ti ń kún, mọ́tò á dá iná sí i fúnra rẹ̀, á jó ìdọ̀tí ọ̀hún di eérú. Bó bá ń jó o lọ́wọ́, ẹ̀ńjìnnì á gbé ohùn sókè, òórùn irin gbígbóná á máa jáde. Bí ẹ bá pa á láàárín, fáànù á máa ṣiṣẹ́ lọ kí ooru lè jáde. Ó béèrè pé kí ni mo máa ń ṣe nígbà tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ní mo máa ń pa á kí n lè gbàdúrà.

Wáìdì kọ́kọ́ wò mí bóyá mò ń ṣeré. Ó ní, “Ah! Dádì! Ó ń fọ ẹnu rẹ̀, ẹ̀ ń gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀! Gbogbo ìgbà?”

Mo ní gbogbo ìgbà.

Ó ní ìdí nìyẹn tí fílítà fi dí, tí mọ́tò ò lè mí mọ́. Mo béèrè ti ọ́ìlì tó ń pọ̀. Ó ní dísẹ́lì tí mọ́tò fẹ́ fi jó ìdọ̀tí, tí mo ń dá dúró ní ìdajì, ni ó ń jò sísàlẹ̀ bọ́ sínú ọ́ìlì. Kò sí ẹni tó ń bá mi bu nǹkan kan. Ẹ̀yin ara mi, ìdajì ẹ̀rù mi bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ìtìjú sì gba ipò rẹ̀, ojú tì mí gan-an.

Wáìdì ní ọ̀nà méjì ló wà. Òun lè gé fílítà náà, kí òun da inú rẹ̀ nù, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe, àmọ́ èéfín dúdú ni n ó máa fi kí gbogbo ẹni tó bá wà lẹ́yìn mi, títí kan ìyàwó mi tó ń sá aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ń gbé mọ́tò sí. Tàbí kí òun pààrọ̀ ọ́ìlì, kí òun fi kòmpútà tì í dìde díẹ̀, kí èmi wá gbé e lọ sójú ọ̀nà gbọọrọ tí kò sí ìdádúró, kí n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí n má pa á títí yóò fi jó ìdọ̀tí rẹ̀ tán.

Mo ní ṣé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá jẹ́ Karu sí Kugbo nínú họ́ọ̀dù-ọ̀pù nìkan ni mò ń rìn, àfi kí n máa mú un jáde déédéé. Ó ní òun ò mọ ẹni tó ni mọ́tò yìí ṣáájú mi, ṣùgbọ́n ẹni náà ní láti ní ọ̀nà jíjìn kan tó máa ń gbé e gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fílítà yìí ì bá ti kú tipẹ́. Ó ní èmi náà lè gba ọ̀nà Kubwa, kí n kọjá Zuba díẹ̀, kí n sì yí padà.

Ó sọ pé kí ni?

Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Zuba.

Gbogbo Jímọ̀ wọ̀nyẹn! Òun nìkan! Gàníyù ò lọ sílé obìnrin kankan. Fílítà ló ń lọ fọ̀!

Mo lọ bá Àlàájà lọ́jọ́ kejì. Mo fẹ́ kí ẹ gbà pé nítorí òtítọ́ ni mo ṣe lọ mú un kí ó bá mi lọ sí Zuba. Apá kan rẹ̀ ni òtítọ́. Apá kejì ni pé n kò lè dá wa mọ́tò yẹn gba ọ̀nà yẹn.

Mo ṣàlàyé fílítà títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo oníṣòwò oníjìbìtì. Mo ní kí ó gbọ́ ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ mi nígbà náà. Mo ní àga Àlàájì ti wọnú, àmọ́ àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fóòmù rẹ̀ ṣì le bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Kò sí obìnrin tó ń jókòó síbẹ̀ déédéé.

Àlàájà ní, “Bóyá ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, bí màdáámù ńlá.”

Ẹ ò rí wàhálà! Ṣùgbọ́n ó dìde, ó mú ìborùn rẹ̀. Ó ní kí n gbé òun lọ, ojú òun ni òun fẹ́ fi rí i. Ó kọ̀ láti jókòó síwájú. Ẹ̀yìn ló wọ̀.

A jáde ìlú, ọ̀nà là, mo tẹ mọ́tò. Lẹ́yìn tí a rìn díẹ̀, mo gbọ́ tó gbé ohùn sókè, òórùn irin gbígbóná sì dé. Ọwọ́ mi fẹ́ lọ sí kọ́kọ́rọ́, ìṣe ti di bárakú. Mo di ọwọ́ ọ̀hún mú pẹ̀lú èkejì. Ooru ń gòkè láti abẹ́ ẹsẹ̀ wa. Àpáta ńlá ẹ̀yìn Zuba yọ lọ́ọ̀ọ́kán, èyí tó ní ojú bíi ti èèyàn, ó tẹjú mọ́ wa. Mo wo dígí ẹ̀yìn. Àlàájà kò wo àpáta. Ẹ̀yìn orí mi ló ń wò, tàbí ihò tí mo jókòó sí. N kò mọ èyí tó jẹ́, n kò sì béèrè. Àwa méjì la wọ mọ́tò yẹn, síbẹ̀ ó dà bíi pé àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀.

A kọjá Zuba díẹ̀, a yí padà. Iná kékeré yẹn ṣì ń tàn. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ ọjà èso, Àlàájà ní kí n yà síbẹ̀. Mo yà. N kò pa ẹ̀ńjìnnì, Wáìdì ti kìlọ̀.

A ò tíì dúró tán tí bàbá àgbàlagbà kan, ọlọ́sàn, fi gbé àpò ọsàn dìde, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó mọ mọ́tò! Ó na àpò ọsàn gba wíńdò wọlé, ó rí mi, ó fà á padà. “Kai! Ina Alhaji?” Ó ń béèrè ibi tí Àlàájì wà.

Mo sọ fún un pé Àlàájì ti kú. Ó gbé àpò ọsàn sílẹ̀, ó gbá ọwọ́ mọ́ àyà, ó ṣàdúà fún un ní Hausa. Àlàájà fi Hausa Wuse tó gbọ́ bi í léèrè: ní ilé wo ni Àlàájì máa ń sọ̀ sí níbí?

Bàbá ọlọ́sàn ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Ó ní ilé kẹ̀? Ó ní Àlàájì kì í sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ ọ́n, kì í pa ẹ̀ńjìnnì, kì í ṣí ilẹ̀kùn, ojú wíńdò yìí ni òun ti máa ń gbé ọsàn fún un. Ó ní òun tilẹ̀ máa ń bá a jà, pé ooru abẹ́ mọ́tò rẹ̀ ń jó ẹsẹ̀ òun, kí ó sọ̀ kalẹ̀ wá ra nǹkan bí ọmọlúàbí. Àlàájì á ní kí ó ṣe sùúrù, pé iṣẹ́ kan ni òun ń ṣe lọ́wọ́. Ó ní òun kò rí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀ rí o!

Mo wo dígí. Àlàájà ti fi ìborùn bo ojú.

A gbéra. Kò pẹ́, iná kékeré yẹn kú, pẹ́ẹ́, báyìí. Ẹ̀ńjìnnì rọlẹ̀, mọ́tò fò bí ẹyẹ. Mo fi hàn án. Kò wo ibẹ̀.

Ó ní, “Kí ló dé tí kò sọ fún mi? Bàbá Dúpẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kí ló dé?”

Ẹ gbà mí o. Fílítà mo lè ṣàlàyé. Èyí kọjá ohun tí Wáìdì kọ́ mi. Mo wakọ̀ lọ.

A ti sún mọ́ ìlú kí n tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi tí mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n. Ó ní ṣebí òun lòun sọ fún un pé kí ó má ra dísẹ́lì! Ṣebí ó búra fún òun pé mọ́tò yìí kò ní wàhálà kankan! Ṣé Gàníyù tí òun fẹ́, Gàníyù ọmọ bàbá rẹ̀, ló máa wá dúró níwájú òun kí ó ní mọ́tò òun ń fẹ́ ìtọ́jú ní gbogbo ọ̀sẹ̀? Láéláé! Ó sàn fún un kí wọ́n pè é ní oníṣekúṣe.

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní kí n gbọ́ o, kí n jẹ́ ẹlẹ́rìí òun kí ọjọ́ àdúà tó pé.

Ó ní, “Gàníyù, mo fi orí jì ọ́. Mo yọ̀ǹda rẹ níwájú Ọlọ́run.” Ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn àga tí mo jókòó sí. “Ṣùgbọ́n ìjà wa kò tíì parí. Bí mo bá dé ọ̀hún, o máa sọ fún mi ìdí tí o fi jẹ́ kí n sun ẹkún nítorí páìpù!”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo ń wakọ̀ lọ, ojú mi ń rí bàìbàì. Eruku ni mo sọ fún un pé ó wọ̀ mí lójú.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, ẹ fi ṣe tiyín. Ẹ̀yin tí ẹ ní dísẹ́lì tòkunbọ̀, ẹ béèrè bóyá fílítà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bó bá wà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e nù, ẹ má bo iná rẹ̀ lójú, ẹ máa mú un jáde lọ sáré, bó bá sì ń kùn, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó parí, ẹ gbàdúrà yín nínú ilé. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ máa sọ ibi tí ẹ̀ ń lọ. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun ìtìjú ni, ẹ sọ ọ́. Ìtìjú tí Gàníyù sá fún kò tó nǹkan rárá. Àmọ́ ẹ wo ohun tó fi sílẹ̀ lórí obìnrin yẹn látìgbà tó ti kú, àti èmi tí mò ń ṣílẹ̀kùn fún atẹ́gùn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Ta ni mọ́tò ti lé wọlé rí nínú yín? Ta ló ní ibi kan tó máa ń lọ, tí ilé ò mọ ìdí rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, ẹ má tijú, ẹ ti rí tèmi. Àmọ́ kí ẹ tó kọ ọ́ fún wa, bí ìyàwó yín bá wà nítòsí, ẹ kọ́kọ́ dìde lọ sọ fún un.